Nọ́ọ̀sì àti Àyẹ̀wò Àìjẹunrekánú ní Àwọn Ilé-ìwòsàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Àyẹ̀wò àìjẹunrekánú ni yíyẹ aláìsàn wò, nígbà tí ó bá dé ilé-ìwòsàn àti lóòrèkóòrè lẹ́yìn náà, láti mọ̀ bóyá ara rẹ̀ ń rí oúnjẹ tí ó tó, bóyá ó ti ń rù, àti bóyá àìjẹun yóò dí ìwòsàn rẹ̀ lọ́wọ́. Òṣùwọ̀n, ọ̀pá tí a fi ń wọn gíga, òkùn tí a fi ń wọn apá àti ìbéèrè díẹ̀ nípa oúnjẹ ni irinṣẹ́ rẹ̀. Kò sí èyí tí owó rẹ̀ pọ̀ nínú wọn. Ẹni tí yóò lò wọ́n ni ó ṣọ̀wọ́n. Ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èjìká nọ́ọ̀sì ni iṣẹ́ yìí wà, nítorí pé òun ni ó ń gba aláìsàn wọlé, òun ni ó sì wà lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru. Nítorí náà ni ìtàn àyẹ̀wò yìí kò fi ṣe é yà kúrò lára ìtàn iye nọ́ọ̀sì tí ó wà ní wọ́ọ̀dù. Láti nǹkan bí ọdún 1930 ni ẹkùn yìí ti fún ayé ní orúkọ àìsàn kan tí àìjẹunrekánú ń fà, ní káàdì ìdàgbàsókè ọmọ àti ní ọ̀pá ìwọ̀n kan. Àìtó ọwọ́ ni ó bí púpọ̀ nínú àwọn ọgbọ́n wọ̀nyí, òun náà ni kò sì jẹ́ kí èso wọn tó bí ó ti yẹ.

Oúnjẹ aláìsàn kí àyẹ̀wò tó dé

Láyé àtijọ́, ẹbí ni í bọ́ aláìsàn. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì àti ìjọba amúnisìn dá ilé-ìwòsàn sílẹ̀, àṣà yìí bá àwọn ènìyàn wọ inú ọgbà ibẹ̀. Ìyá, ìyàwó tàbí àbúrò aláìsàn a máa gbé abọ́ wá láàárọ̀ àti lálẹ́. Àǹfààní wà nínú àṣà náà: oúnjẹ tí aláìsàn mọ̀ ni ó ń jẹ, ọwọ́ ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ni ó sì ti ń gbà á. Àléébù rẹ̀ ni pé ohun tí aláìsàn jẹ àti ohun tí ó ṣẹ́kù nínú abọ́ kì í wọ inú ìwé ilé-ìwòsàn. Ẹni tí kò bá ní ẹbí nítòsí lè wà láìjẹun fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí ó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kìlọ̀ nípa irú ewu bẹ́ẹ̀. Florence Nightingale, nínú ìwé Notes on Nursing tí ó kọ ní 1859, ya orí méjì sọ́tọ̀ fún oúnjẹ aláìsàn. Ó ṣàlàyé pé ebi lè pa aláìsàn níbi tí oúnjẹ ti pọ̀ yanturu, bí ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ kò bá kíyè sí àkókò tí ó lè jẹun àti ọ̀nà tí ó lè gbà jẹ ẹ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí Nightingale dá sílẹ̀ ní ilé-ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù ni Kofoworọla Abẹ́ní Pratt ti kọ́ṣẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1940. Ó padà sí Nàìjíríà ní 1954, ó ṣiṣẹ́ ní Ilé-ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ìṣègùn Yunifásítì, Ìbàdàn, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ mátíróònù àgbà níbẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1947, ni òfin ìforúkọsílẹ̀ nọ́ọ̀sì ti jáde ní Nàìjíríà. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti ní ìgbìmọ̀, ìdánwò àti ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà. Ṣùgbọ́n kí àwọn nọ́ọ̀sì tó lè wá àìjẹunrekánú rí lára ọmọ, ó di dandan kí ìṣègùn kọ́kọ́ gbà pé àìsàn ni. Ìlú Àkrá ni èyí ti bẹ̀rẹ̀.

Àkrá: orúkọ tí àwọn obìnrin ti mọ̀

Ní 1929, Cicely Williams, dókítà obìnrin tí a bí ní Jàmáíkà, dé Gold Coast, èyí tí í ṣe Gánà lónìí, láti ṣiṣẹ́ fún ìjọba amúnisìn. Ní ilé-ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Àkrá, ó ń rí àwọn ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn ń pọ́n, tí awọ ara wọn ń bó, tí wọn kò fẹ́ jẹun, tí wọn kò sì fẹ́ ṣeré. Púpọ̀ nínú wọn ń kú. Ó bi àwọn obìnrin ìlú léèrè ohun tí wọ́n ń pe àìsàn náà. Ní èdè Ga, wọ́n ní kwashiorkor ni: àìsàn tí í mú ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nígbà tí àbúrò rẹ̀ dé. Orúkọ náà ti sọ ohun tí ó fa àìsàn. Ọmọ tí ó pàdánù wàrà ìyá rẹ̀ ti bọ́ sórí oúnjẹ àgbàdo lásán, èyí tí èròjà amáradàgbà inú rẹ̀ kò tó fún un.

Williams tẹ àpèjúwe àìsàn náà jáde ní 1933, ó sì lo orúkọ Ga náà nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní 1935. Gbogbo oníṣègùn kọ́ ni ó gbà fún un. Hugh Stannus, ẹni tí a kà sí ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ọ̀ràn yìí, sọ pé pellagra tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ọdún mélòó kan kọjá kí ayé tó gbà pé òótọ́ ni Williams ń sọ.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ọ̀ràn Àkrá fi sílẹ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì. Èkíní ni pé òṣùwọ̀n nìkan lè tan ni jẹ. Ọmọ tí ara rẹ̀ wú fún omi lè wúwo lórí òṣùwọ̀n, kí ó sì jẹ́ pé ebi ni ó ń pa á kú lọ. Nítorí èyí ni a fi ń kọ́ nọ́ọ̀sì láti fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọmọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀: bí ojú ibi tí a tẹ̀ bá jin kòtò, tí kò tètè kún padà, tí ẹsẹ̀ kejì náà sì rí bẹ́ẹ̀, omi ni ó wà níbẹ̀. Ẹ̀kejì ni pé ẹni tí ó bá ráyè bá ìyá ọmọ sọ̀rọ̀ ni yóò mọ ohun tí ó ń ṣe ọmọ. Wọ́ọ̀dù tí nọ́ọ̀sì kò ti ní àyè láti béèrè pé kí ni ọmọ yìí jẹ lánàá kò lè rí ohun tí Williams rí.

Iléṣà àti Ìmẹ̀sí-Ilé: káàdì ọwọ́ ìyá

Ní 1956, David Morley dé ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ilé-ìwòsàn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Àwọn ọmọdé tí a ń gbé wá pọ̀ ju ohun tí dókítà díẹ̀ lè yẹ̀ wò lọ. Púpọ̀ nínú wọn sì ni èéyi, ikọ́ tàbí ìgbẹ́ gbuuru ń pa, nígbà tí ó jẹ́ pé àìjẹunrekánú ni ó ti kọ́kọ́ sọ ara wọn di aláìlágbára. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Iléṣà, Morley àti àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ dá ilé-ìtọ́jú kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Nọ́ọ̀sì ni ó ń yẹ ọmọ wò níbẹ̀, òun ni ó ń fún un lóògùn, òun ni ó sì ń wọ̀n ọ́n. Ọmọ tí ọ̀ràn rẹ̀ bá le nìkan ni ó ń dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Káàdì tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ni ó wá di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ sí ọ̀nà ìlera ọmọ. Ìlà méjì tí ó ń gòkè lọ ni a yà sórí rẹ̀. Bí ọmọ bá ṣe ń wá, nọ́ọ̀sì a máa fi àmì sí ibi tí ìwọ̀n rẹ̀ dé, a ó sì fi ìlà so àwọn àmì náà pọ̀. Bí ìlà ọmọ bá ń gòkè bí ìlà orí káàdì, ara rẹ̀ ń dàgbà. Bí ó bá dúró lójú kan tàbí tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, ewu ti ń bọ̀, kódà bí ọmọ náà kò tíì rù lójú ẹni. Ìyá ni ó ń mú káàdì náà lọ sílé, inú àpò ọ̀rá, kí omi má baà bà á jẹ́. Èyí dín wíwá fáìlì kù, ó sì jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tí kò rí ọmọ náà rí mọ ìtàn rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ní 1979, Morley àti Margaret Woodland, tí òun náà jẹ́ nọ́ọ̀sì, kọ ìwé papọ̀ lórí bí a ṣe ń ṣọ́ ìdàgbàsókè ọmọ.

Ohun tí káàdì náà béèrè lọ́wọ́ ilé-ìtọ́jú kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe é yọ sílẹ̀. Ẹni kan gbọ́dọ̀ gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, ẹni kan gbọ́dọ̀ fi àmì sí ojú ibi tí ó tọ́, ẹni kan sì gbọ́dọ̀ sọ fún ìyá ohun tí ìlà náà ń wí. Níbi tí a ti ń wọn ọmọ tí a kò sì bá ìyá sọ̀rọ̀, káàdì náà di ìwé lásán.

Ogun abẹ́lé Nàìjíríà: ọ̀pá àti òkùn

Nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, láti oṣù Keje 1967 sí oṣù Kìn-ín-ní 1970, ebi gba ilẹ̀ apá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà kan. Orúkọ tí Williams gbọ́ ní Àkrá wá di ohun tí àwọn ènìyàn ń kà nínú ìwé ìròyìn káàkiri ayé. Àwọn tí ń pín oúnjẹ àti oògùn bá ìṣòro kan pàdé: ogunlọ́gọ̀ ọmọ ni ó tò sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ kò tó nǹkan, òṣùwọ̀n ṣòro gbé kiri, ọ̀pọ̀ ìyá kò sì lè sọ ọjọ́ orí ọmọ ní pàtó.

Ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ àwọn Quaker tí ó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà lo ọ̀pá kan tí a mọ̀ sí QUAC, orúkọ tí a fà yọ láti inú Quaker àti ìwọ̀n yíká apá. A ó kọ́kọ́ wọn yíká apá òkè ọmọ. Lẹ́yìn náà a ó mú un dúró ti ọ̀pá tí a ti kọ ìwọ̀n apá sí lára ní ipò gíga-gíga. Bí ọmọ bá ga kọjá ojú ibi tí ìwọ̀n apá rẹ̀ wà lára ọ̀pá, apá rẹ̀ tín-ín-rín ju bí ó ti yẹ fún gíga rẹ̀ lọ, oúnjẹ sì tọ́ sí i kíákíá. Kò gba ìṣirò, kò sì gba ọjọ́ orí. Ní 1969 ni a tẹ àlàyé rẹ̀ jáde.

Ní 1974, Shakir ní ìlú Baghdad, pẹ̀lú Morley tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Iléṣà, tún mú un rọrùn sí i: òkùn aláwọ̀ mẹ́ta, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè àti pupa, tí a wé mọ́ apá ọmọ. Ìwọ̀n tí à ń lò lónìí yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ìgbà náà. Fún ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún, ohun tí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5 jẹ́ pupa, láti 11.5 títí dé ohun tí kò tó 12.5 jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, ohun tí ó bá tó 12.5 tàbí tí ó jù ú lọ jẹ́ àwọ̀ ewé. Báyìí ni àyẹ̀wò tí ó ti ń gba ìṣẹ́jú púpọ̀ ṣe di iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan.

Wàrà oníwákàtí méjì-méjì

Rírí ọmọ tí ebi ti sọ di aláìsàn kò ju ìlàjì iṣẹ́ lọ. Ìlàjì kejì ni bíbọ́ rẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni àìtó nọ́ọ̀sì ti ń pa ènìyàn. Ní 1999, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé ìlànà kan jáde lórí ìtọ́jú àìjẹunrekánú tí ó le. Ó ní kí a fi wàrà tí a ń pè ní F-75 bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, lọ́sàn-án àti lóru, nítorí pé ara ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè gba oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá yára fún un jù, ọkàn rẹ̀ lè dákú. Bí a bá sì jẹ́ kí òru kọjá láìfún un, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀, kí ara rẹ̀ tutù, kí ó sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Mìlílítà 130 fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan ni ìwọ̀n F-75 lójúmọ́. Ọmọ kìlógíráàmù mẹ́fà yóò gba 780, èyí tí í ṣe mìlílítà 65 nígbà méjìlá, bí a bá ń fún un ní wákàtí méjì-méjì. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ ogún ní wọ́ọ̀dù, ìbọ́ni 240 ni ó wà láàrin wákàtí mẹ́rìnlélógún. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wákàtí 60 ni gbogbo rẹ̀. Ìyẹn ju iṣẹ́ nọ́ọ̀sì méje tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe wákàtí mẹ́jọ lọ, kí a tó ka oògùn, ìwọ̀n ara, ìwé kíkọ àti ọmọ tuntun tí ń wọlé mọ́ ọn.

Nítorí èyí, ìyá ni ó ń fi kọ́ọ̀pù bọ́ ọmọ ní ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì a sì máa wọn wàrà, a máa kọ́ ìyá, a sì máa kọ ohun tí ó ṣẹ́kù sílẹ̀. Ètò yìí dára títí di òru. Ìyá tí kò sùn láti ọjọ́ mélòó kan yóò sùn lọ, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lè wà lọ́dọ̀ ọmọ mìíràn tí kò lè mí dáadáa, wàrà agogo méjì òru yóò sì kọjá láìsí ẹni tí ó mọ̀.

Niger, 2005: jíjáde kúrò ní wọ́ọ̀dù

Ọ̀nà àbáyọ kan ni láti dín iye ọmọ tí ó gbọ́dọ̀ sùn ní wọ́ọ̀dù kù. Ní àwọn ọdún 1990, André Briend àti Michel Lescanne, ọmọ ilẹ̀ Faransé méjèèjì, ṣe oúnjẹ kan láti inú ẹ̀pà lílọ̀, wàrà oníyẹ̀fun, ṣúgà, òróró àti èròjà afáralókun. Plumpy'Nut ni orúkọ rẹ̀. Kò ní omi nínú, kò tètè bàjẹ́, kò sì gba kí a sè é. Nígbà ìyàn tí ó mú orílẹ̀-èdè Niger ní 2005, àjọ Médecins Sans Frontières tọ́jú àwọn ọmọ tí ó ju 60,000 lọ tí àìjẹunrekánú tí ó le ń bá jà. Púpọ̀ nínú wọn ni a fún ní oúnjẹ yìí láti máa jẹ ẹ́ nílé, kí wọ́n sì padà wá fún àyẹ̀wò lóòrèkóòrè. Ní 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé, UNICEF àti Ètò Oúnjẹ Àgbáyé wà lára àwọn tí ó fọwọ́ sí ìlànà yìí. Wọ́ọ̀dù wá di ibi tí a ń gba ọmọ tí kò lè jẹun tàbí tí àìsàn mìíràn ti wọ̀ lára. Lẹ́yìn náà, ní Niger kan náà, a rí i pé ìyá tí a kọ́ lè fi òkùn wọn apá ọmọ rẹ̀ nílé.

Nọ́ọ̀sì ni ó jàǹfààní èyí jù lọ, nítorí pé ẹrù tí ó wà lórí rẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru fúyẹ́. Síbẹ̀ àwọn ọmọ tí ó kù ní wọ́ọ̀dù ni àìsàn wọn le jù, àwọn sì ni wọ́n nílò ọwọ́ púpọ̀ jù.

Àgbàlagbà tí a kò wọ̀n

Ọmọdé ni gbogbo ọgbọ́n tí a ti mẹ́nu bà yìí wà fún. Àgbàlagbà tí ikọ́ ẹ̀gbẹ, jẹjẹrẹ, àrùn kògbóògùn tàbí egbò iṣẹ́ abẹ dá dùbúlẹ̀ kò ní káàdì tirẹ̀. Irinṣẹ́ wà fún un. Ní 2003, ẹgbẹ́ BAPEN ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé MUST jáde, èyí tí ó ń béèrè ohun mẹ́ta: báwo ni ìwúwo ẹni ṣe rí sí gíga rẹ̀, mélòó ni ó ti rù láìpinnu rẹ̀ láàrin oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, àti bóyá àìsàn líle yóò mú kí ó wà láìjẹun fún ju ọjọ́ márùn-ún lọ. Òǹkà méjì sí òkè fi ewu ńlá hàn. Ẹni tí kò lè dìde dúró ni a lè fi apá rẹ̀ fojú díwọ̀n: bí yíká rẹ̀ kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 23.5, ó ṣeé ṣe kí ó ti tín-ín-rín jù.

Egbò ẹni tí kò jẹun tó kì í tètè san, àrùn a máa ràn án lọ́nà ìrọ̀rùn, ó sì máa ń pẹ́ ní ilé-ìwòsàn ju ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ọ̀sì méjì bá wà fún wọ́ọ̀dù tí ó kún, iṣẹ́ tí kò pariwo ni a kọ́kọ́ ń fi sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí a kò gún a máa hàn nínú ìwé, dókítà a sì béèrè rẹ̀. Oúnjẹ tí aláìsàn kò jẹ kì í hàn níbì kankan, àfi lára aláìsàn náà.

Nọ́ọ̀sì tí ó lọ

Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú díwọ̀n ní 2016 pé dókítà, nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí 4.45 ni ó yẹ kí ó wà fún ẹgbẹ̀rún ènìyàn kí ìlera tó lè kárí. Àwọn orílẹ̀-èdè ẹkùn yìí ní gbogbogbòò kò tíì dé ibẹ̀, àwọn tí wọ́n sì ń kọ́ ń lọ sí òkè òkun. Ní 2010 ni àwọn orílẹ̀-èdè ayé fọwọ́ sí ìlànà lórí gbígba òṣìṣẹ́ ìlera láti ilẹ̀ mìíràn. Nígbà tí àjọ náà tún àkójọ àwọn orílẹ̀-èdè tí a kò gbọ́dọ̀ máa lọ gbé òṣìṣẹ́ wọn lọ kọ ní 2023, orílẹ̀-èdè 55 ni ó wà nínú rẹ̀, Nàìjíríà, Gánà, Niger, Benin àti Togo sì wà lára wọn. Ìlànà yìí kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó bá fúnra rẹ̀ wá iṣẹ́ lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà pàṣẹ pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kí a tó lè fìdí ìwé náà múlẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn nọ́ọ̀sì fi ẹ̀hónú hàn ní Àbújá àti ní Èkó. Ìjọba ń wo wọ́ọ̀dù tí ń ṣófo. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wo owó oṣù tí kò tó nǹkan àti iṣẹ́ ẹni mẹ́ta tí ẹnì kan ń ṣe. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ láti ìhà méjì.

Ìparí

Bí a bá to ìtàn yìí pọ̀, ọgbọ́n kọ̀ọ̀kan ni ó gbé apá kan nínú iṣẹ́ náà kúrò lórí nọ́ọ̀sì. Káàdì gbé ìwé lọ sọ́wọ́ ìyá, ọ̀pá àti òkùn mú ìṣirò kúrò, oúnjẹ ẹlẹ́pà sì gbé ìtọ́jú lọ sílé. Ohun tí kò sí ọgbọ́n tí ó gbé e kúrò ni wàrà agogo méjì òru, àtàǹpàkò tí ó tẹ ẹsẹ̀ ọmọ, àti ìbéèrè nípa ohun tí aláìsàn jẹ lánàá. Bí àwọn ilé-ìwòsàn bá ń fi iye ibùsùn nìkan pinnu iye nọ́ọ̀sì, wọn kò tíì ka àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí. Iye ìgbà tí aláìsàn gbọ́dọ̀ jẹun láàrin wákàtí mẹ́rìnlélógún, àti iye ìṣẹ́jú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà, yẹ kí ó wà nínú ìṣirò náà, gẹ́gẹ́ bí abẹ́rẹ́ àti oògùn ti wà níbẹ̀.